Ìró Onísíìpù: Fọláṣadé Thomas-Fahm àti Ìtàn Aṣọ Obìnrin Òṣìṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣọ tán. Yàtọ̀ sí pé aṣọ ń sọ irú ẹni tí a jẹ́ fún àwọn tí ń wò wá, ó tún ń pàṣẹ ohun tí ara wa lè ṣe nínú rẹ̀: bí ẹsẹ̀ ti lè yà tó, bí apá ti lè ga tó, àti bóyá ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè sáré nígbà tí eré bá yẹ. Obìnrin tí ó ró ìró mọ́dìí, tí ó sì jókòó jẹ́jẹ́ ní òde ìnáwó, kò ní ìyọnu kankan. Bí ìró bá tú, yóò dìde, yóò nà án, yóò sì tún un ró. Ṣùgbọ́n olùkọ́bìnrin tí ó dúró níwájú ogójì ọmọ pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́, tàbí nọ́ọ̀sì tí ń ti ibùsùn kan bọ́ sí òmíràn, tàbí akọ̀wé tí ó ń sáré wọ ọkọ̀ ní ìdájí ní Gwagwalada kí ó lè la Gírì àti Lùgbé kọjá dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgboro Àbújá kí agogo tó lù, kò sí èyí tí ó ní àyè àtimáa tú ìró ró nínú wọn.

Obìnrin kan wà ní Èkó tí ó ro ọ̀ràn yìí dé gbòǹgbò ní ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, tí ó sì fi àlùmọ́gàjí, abẹ́rẹ́ àti síìpù dáhùn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Fọláṣadé Thomas-Fahm, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ̀ sí Ṣadé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ẹni tí ń gbèrò àràbarà aṣọ kí aránṣọ tó gbé e sí ẹ̀rọ. Ohun ìyanu tí ó wà nínú ìtàn rẹ̀ ni pé àwọn tí ń wọ ohun tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde lónìí pọ̀ ju àwọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn ìmúra obìnrin ti rí kí ó tó dé. Ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé ni aṣọ obìnrin Yorùbá. Láti orí òfì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá ní àtijọ́. Àwọn obìnrin ń hun kíjìpá nínú ilé fún wíwọ̀ ojoojúmọ́, àwọn ọkùnrin sì ń hun aṣọ òkè olówó iyebíye, sányán, àlàárì àti ẹtù. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí aṣọ fúnfun ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ lọ́jà, àwọn obìnrin aláró sọ ọ́ di àdìrẹ, òwò náà sì gbilẹ̀ dé ibi tí àwọn oníṣòwò láti Senegal àti Gold Coast fi ń wá rà á. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn aṣọ wọ̀nyí tí a ń gé sí ìwọ̀n ara ẹnikẹ́ni. Aṣọ gbọrọ ni. Ọgbọ́n inú rẹ̀ wà ní ọwọ́ ẹni tí ń ró o. Aṣọ kan náà lè bá omidan mu lónìí, kí ó sì tún bá abiyamọ mu lọ́dún tí ń bọ̀. Bí ara bá ń pọ̀ sí i, ìró a máa fẹ̀ fún un. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí a fojú kékeré wò ó.

Nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn dé, ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì mú gáùn àti yẹ̀rì wá. Ní Èkó, láàárín àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà pàápàá, gáùn di àmì ẹ̀kọ́ àti ìlàjú. Láìpẹ́, aṣọ pín sí ọ̀nà méjì nínú àpótí obìnrin kan ṣoṣo: ti òyìnbó fún ọ́fíìsì, ti Yorùbá fún ilé àti ìnáwó. Àwọn kan kọ ìpín yìí. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pa gáùn tì ní àwọn ọdún 1940 nígbà tí ó ń darí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lòdì sí owó orí, ó sì ń wọ ìró àti bùbá lọ sí ibi gbogbo kí àwọn obìnrin ọjà má baà rí i bí àjèjì. Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ní ọwọ́ Ransome-Kuti, ìró di ohun ìjà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ró o láyé àwọn ìyá ńlá náà ni a ṣì ń ró o.

Ní àkókò yẹn gan-an ni iṣẹ́ oṣù ń fa àwọn obìnrin mọ́ra. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, olùkọ́ sì di ohun tí a ń wá kiri. Ní 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, Àníkẹ́ Agbájé-Williams sì ni obìnrin tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Ilé ìwòsàn, báǹkì, ilé ìfìwéránṣẹ́, ibi gbogbo ni a ti ń rí obìnrin tí ó ní agogo tí ó gbọ́dọ̀ bá. Èwo nínú aṣọ méjì inú àpótí ni yóò wọ̀? Bí ó bá wọ gáùn, àwọn kan yóò ní ó ti di òyìnbó. Bí ó bá ró ìró, ìró yóò máa tú níbi iṣẹ́.

Ọdún 1933 ni a bí Fọláṣadé ní Èkó. Ní 1953 ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọbìnrin ilẹ̀ wa ti ń ṣe nígbà náà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni àwọn òbí mọ̀, òun ni wọ́n sì gbà pé ó yẹ ọmọbìnrin tí a fi owó rán lọ sí òkè òkun. Ìránṣọ lójú wọn kò ju iṣẹ́ ẹni tí ìwé kò yé lọ, ohun tí a lè kọ́ lọ́dọ̀ aránṣọ àdúgbò láìná owó ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin náà rí àwọn aṣọ tí a gbé sínú fèrèsé dígí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní àárín ìlú London, ọkàn rẹ̀ yí padà. Ó fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì yí sí ẹ̀kọ́ aṣọ. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà St Martin's, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri àgbáyé, wà lára ibi tí ó ti kọ́ ọ.

Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ lábẹ́ ọ̀gá ní Èkó. Ọmọ iṣẹ́ a máa kọ́ láti fi tépù wọn ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀, kí ó sì gé aṣọ fún ẹni náà nìkan. Ní London, bébà ni a kọ́kọ́ ń gé. A ó ya àwòrán aṣọ, a ó pín in sí wẹ́wẹ́ lórí bébà, a ó sì mú bébà náà tóbi tàbí kéré ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, kí aṣọ kan náà lè bá ọgọ́rùn-ún obìnrin mu láìjẹ́ pé aránṣọ rí ọ̀kankan nínú wọn rí. Ó tún ṣe iṣẹ́ wíwọ aṣọ fún àwọn oníbàárà àti ayàwòrán wò, ní àkókò tí obìnrin aláwọ̀ dúdú kò wọ́pọ̀ rárá nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ ni èyí náà, nítorí ẹni tí ó ti wọ aṣọ níwájú èrò mọ ibi tí aṣọ ti ń fún ni àti ibi tí ó ti ń já ni kulẹ̀.

Ní 1960 ó padà sílé. Kò sí àkókò tí ó dára tó bẹ́ẹ̀. Òmìnira ti dé, òtẹ́ẹ̀lì Federal Palace sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní Victoria Island, ibẹ̀ ni àwọn àlejò láti orílẹ̀-èdè gbogbo sì ń wọ̀ sí. Nínú òtẹ́ẹ̀lì yìí ni ó ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ sí, tí ó pè ní Maison Shadé, tí a wá mọ̀ sí Shade's Boutique lẹ́yìn náà. Nínú ìtàn aṣọ Nàìjíríà, òun ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé irú iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní ọ̀nà ìgbàlódé.

Ọjà rẹ̀ kò yá lójijì o. Ní Èkó ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí a mọ̀ pé òun lówó a máa lọ sí Kingsway ní Marina láti ra aṣọ tí ó ti òkè òkun wá. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé aṣọ òkè yẹ ìgbéyàwó àti òkú àgbà, àti pé àdìrẹ yẹ ìyá arúgbó nínú ilé. Kí a mú àdìrẹ, kí a gé e, kí a rán an ní gáùn òde, kí a sì máa tà á nínú òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn òyìnbó ń wọ̀ sí? Lójú wọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ẹ̀wẹ̀, àwọn àlejò kan láti òkèèrè tètè rí ẹwà rẹ̀ ju àwọn onílé lọ, ohun tí kò ṣàjèjì nínú ìtàn ọnà ilẹ̀ wa.

Nínú gbogbo ohun tí ó ṣe, ìró onísíìpù ni ó jinlẹ̀ jù lọ, bí ó tilẹ̀ dà bí ohun kékeré. Ó yẹ kí a wo ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ fínnífínní. Ìró a máa yí ìdí ká, a ó sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Agbára tí ó dì í mú kò ju wíwọ́ aṣọ lára aṣọ lọ. Bí ẹni tí ó ró o bá ń rìn, etí yẹn a máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá gun àtẹ̀gùn, ó yọ sí i. Bí ó bá na ọwọ́ sókè kọ̀wé sójú pátákó, bùbá gòkè, ọkàn rẹ̀ sì pín sí méjì, ọ̀kan lára iṣẹ́, ọ̀kan lára ìdí ìró. Gbogbo obìnrin tí ó ti ró ìró lọ síbi iṣẹ́ mọ ohun tí a ń wí. Yẹ̀rì òyìnbó kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé a gé e mọ́ ìbàdí. Ṣùgbọ́n yẹ̀rì kò ní ẹwà ìró, kò ní ìṣẹ́po iwájú tí ń ṣí díẹ̀ tí ó sì ń pa dé bí obìnrin ti ń gbẹ́sẹ̀, kò sì sọ ìlú ẹni.

Ohun tí Ṣadé ṣe ni pé ó mú inú yẹ̀rì, ó fi ojú ìró bò ó. A gé aṣọ mọ́ ìbàdí, a sì fi síìpù sí i kí ó lè dúró gírígírí. Lóde, ẹni tí ó bá wò ó yóò rí ìró tí a ró dáadáa. Nínú, kò sí ohun tí ó lè tú. Obìnrin lè wọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó sáré bá ọkọ̀, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìwo ìdí ara rẹ̀. Kò tún sí ìdí tí yóò fi yàn láàárín aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ìlú rẹ̀. Bí a bá ní kí a sọ ní gbólóhùn kan ìdí tí orúkọ obìnrin yìí fi yẹ nínú ìtàn Yorùbá, síìpù yẹn ni.

Èrò kan náà ni ó gbé lọ sórí àwọn nǹkan mìíràn. Gèlè wíwé ń gba àkókò, ọwọ́ gbogbo ènìyàn kò sì gún nínú rẹ̀. Ó ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tí a kàn ń gbé ka orí bí fìlà. Agbádá jẹ́ aṣọ ọkùnrin, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ ọrùn àti àyà rẹ̀. Ó sọ ọ́ di aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí obìnrin lè wọ̀ ní òde alẹ́, ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọnà náà wà lórí rẹ̀ láìdínkù. Kò fi ara mọ́ aṣọ Yorùbá nìkan. Ó lo aṣọ òkè àti àdìrẹ, ó lo Akwete tí àwọn obìnrin Ìgbò ń hun, ó sì lo aṣọ Òkèńè tí àwọn obìnrin Ẹbira ń hun lórí òfì òòró. Àwọn tí ń kàwé ní agbègbè Àbújá yìí mọ̀ pé Òkèńè kò jìnnà sí ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ní àkókò tí àwọn olóṣèlú ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan, aṣọ láti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Nàìjíríà ti wà lórí àgbékọ́ kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ó tún dá ilé iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ ní agbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ní Yábàá. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bébà London ti wúlò. Kí a tó lè ta aṣọ tí a rán sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n àwọn obìnrin tí a ń rán an fún, ìwọ̀n inú ìwé àwọn òyìnbó kò sì bá ìbàdí àwọn obìnrin wa mu. Bákan náà, aṣọ òkè kò rọrùn fún ẹ̀rọ. Pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún, a ó sì máa rán an pọ̀. Bí a bá gé e láìbìkítà, òwú rẹ̀ yóò tú láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé e mọ́ ara gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ojú ìrán pẹlẹbẹ méjì yóò bọ́ sí, kí àwòrán má baà wọ́. Irú ìmọ̀ yìí kì í wà nínú ìwé. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbà á.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni ìbéèrè aṣọ obìnrin òṣìṣẹ́ ti dìde. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí a ń rántí jù lọ nínú ọ̀ràn náà ni Claire McCardell, tí a bí ní ìlú Frederick ní ìpínlẹ̀ Maryland ní 1905. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú aṣọ tí ó ṣe ní aṣọ eré ìdárayá, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Láti ara aṣọ tẹ́níìsì, ti ìwẹ̀ òkun àti ti kẹ̀kẹ́ gígùn ni wọ́n ti mú èrò rẹ̀: aṣọ tí ara lè gbé, tí a lè fọ̀ nílé, tí a lè wọ̀ láìní ìránṣẹ́bìnrin tí yóò de okùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, Paris ni àwọn aránṣọ New York ń wò ṣe. McCardell kọ̀. Ní 1938 ó ṣe gáùn kan tí kò ní ìbàdí, tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò fúnra rẹ̀ fi bẹ́líìtì fà mọ́ra bí ó ti wù ú. Ní 1942, nígbà tí ogun ń jà tí àwọn ìránṣẹ́bìnrin sì ti lọ sí ilé iṣẹ́ ohun ìjà, ó ṣe aṣọ àwọ̀sókè kan tí ìyáálé ilé lè fi se oúnjẹ, kí ó sì fi gba àlejò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ìgbókòó gbígbóná tí a so mọ́ ọn lára. Ó ń fi àpò sára aṣọ obìnrin. Ó sì fẹ́ràn láti fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́ dípò ẹ̀yìn, nítorí pé obìnrin tí ń dá gbé kò ní ẹni tí yóò bá a fa ti ẹ̀yìn sókè.

McCardell kú ní 1958, ọdún méjì kí Maison Shadé tó ṣí. Kò sí ìdí láti wí pé ọ̀kan kọ́ ọ lára èkejì. Ìṣòro kan náà a máa bí ìdáhùn tí ó jọra. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti Èkó le ju ti New York lọ ní ọ̀nà kan. McCardell lè sọ aṣọ àtijọ́ nù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun; kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó ti ta ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ìró fọwọ́ kan ohun tí ìyá ìyá fi sílẹ̀. Ṣadé gbọ́dọ̀ yí i padà débi tí yóò fi wúlò, kí ó má sì yí i padà débi tí a kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Àwọn kan ṣì ń wí pé ó yí i ju bí ó ti yẹ lọ. Àríwísí wọn kò ṣeé gbá sẹ́yìn. Wọ́n ní ìró ríró jẹ́ ìmọ̀, gèlè wíwé jẹ́ ọnà, àti pé ọmọbìnrin tí ó bá ti bá gèlè ọlọ́wọ́-wíwé-sílẹ̀ pàdé láti kékeré kò ní kọ́ èyí tí ó yẹ kí ó kọ́. A lè rí òtítọ́ èyí ní òde ìnáwó gbogbo, níbi tí a ti ń sanwó fún ẹni tí yóò wé gèlè fún ni. Wọ́n tún ní ìró onísíìpù kò fẹ̀ fún abiyamọ mọ́, ó ti di aṣọ ìwọ̀n kan. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú. Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi àwọn aláríwísí léèrè ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí síìpù. Ó dájú pé àwọn olùkọ́bìnrin àti àwọn akọ̀wé kì bá máa tú ìró ró lẹ́nu iṣẹ́. Gáùn ni wọn ìbá wọ̀, ìró ì bá sì ti di aṣọ ọjọ́ Sátidé nìkan.

Ẹ̀sùn kan wà tí ó wúwo ju ìyẹn lọ: àwọn ọlọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù inú òtẹ́ẹ̀lì ń tà fún. Ìyàwó òṣìṣẹ́ kékeré kì í dé Victoria Island ra aṣọ. Bí ìró onísíìpù ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn aránṣọ ìgboro wò ó, wọ́n tú u palẹ̀ lọ́kàn, wọ́n sì rán irú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìránṣọ, kò sí ohun tí ń dènà ojú. Àwòṣe ni ó sọ ìró onísíìpù di ti gbogbo ènìyàn, àwòṣe kan náà ni ó sì jẹ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é.

Ní àwọn ọdún 1970, owó epo dé, léèsì ilẹ̀ Austria sì gba òde. Ìnáwó tí kò bá sí léèsì kò tíì pé. Àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá tí a dá sílẹ̀ ní àárín òmìnira, irú Kaduna Textiles tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, wọ wàhálà. Ètò ìṣúnná owó ti 1986 sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, iná mànàmáná kò dúró, aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti Éṣíà sì ya wọ ọjà. Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2002. Òkìrìkà, aṣọ àlòkù òkè òkun, wá di aṣọ iṣẹ́ ẹgbàágbèje ènìyàn. Èrò pé kí aṣọ tí a hun nílé, tí a gé nílé, tí a rán sílẹ̀ nílé, wọ obìnrin òṣìṣẹ́ lọ́rùn láìgbówó lórí, kò rí ilẹ̀ tí ó gbà á tó bí ó ti yẹ. Àìsí aṣọ, iná àti owó òǹrà ni ó fà á. Ọgbọ́n kò tán.

Ṣùgbọ́n Ṣadé kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nìkan. Ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbèrò aṣọ ní Nàìjíríà, FADAN, ó sì kọ ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, Faces of She, tí ó jáde ní 2004. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e gba ojú ọ̀nà tí ó là. Lisa Folawiyo fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ańkárá lọ́ṣọ̀ọ́ láti 2005. Amaka Osakwe gbé àdìrẹ dé ibi tí Michelle Obama fi wọ aṣọ rẹ̀ ní 2013. Kenneth Ize fi aṣọ òkè ṣe aṣọ òyìnbó tí ó mú un dé ìpele àṣekágbá ìdíje LVMH ní Paris ní 2019. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn wọ̀nyí gé aṣọ òkè. Ní 1960, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kìíní 2021, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London kéde fún gbogbo ènìyàn pé òun ń wá àwọn aṣọ àti fọ́tò àtijọ́ fún àfihàn kan lórí aṣọ Áfíríkà. Orúkọ Ṣadé Thomas-Fahm wà lára àwọn tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Òwe ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni wọ́n ń wá: aṣọ tí a ti wọ̀, tí a ti fọ̀, tí a ti ká sínú àpótí láti 1965. Àfihàn náà ṣí ní oṣù keje 2022, ó sì wà títí di oṣù kẹrin 2023 kí ó tó kọjá sí Brooklyn ní Amẹ́ríkà. Aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, nínú ìlú kan náà tí ó ti dúró wo fèrèsé dígí ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ó dùn mọ́ni. Ó sì tún ni ènìyàn lára díẹ̀ pé London ni a ti kọ́kọ́ na ọwọ́ béèrè àpótí àwọn ìyá wa, nígbà tí ọ̀pọ̀ irú ìró bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí a fi ń nu tábìlì ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Ìlọrin.

Ní Gwagwalada, bí ó ti rí ní ìlú gbogbo, àwòrán oríṣiríṣi aṣọ a máa wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, kí oníbàárà lè fi ìka tọ́ka sí èyí tí ó fẹ́. Ìró onísíìpù wà lára wọn, a sì ń rán an fún ọmọ Gbagyi, fún ọmọ Tiv, fún ọmọ Ìgbò àti fún ọmọ Yorùbá. Gèlè tí a ti wé sílẹ̀ náà wà lọ́jà, àwọn oníṣòwò sì ń pè é ní auto-gèlè. Ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ ìránṣọ níbẹ̀ yóò mọ iye tí aránṣọ ń gbà fún un, yóò mọ gígùn síìpù tí ó ń lò, yóò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tí yóò ti rán an. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ àwòrán náà.